Igun àti Ọrun Inú Òbìrìkítí

Wíwá igun inú òbìrìkítí jẹ́ apá kan ìmọ̀ jẹ́ọ́mẹ́tìrì, níbi tí a ti ń fi igun díẹ̀ tí a mọ̀ wá àwọn yòókù jáde láìfi ohun èlò kankan wọn wọ́n. Apá etí òbìrìkítí tó wà láàárín àmì méjì la ó pè ní ọrun, ìlà tó so àmì méjèèjì pọ̀ la ó sì pè ní ọsán. Ẹni tó ti rí ọdẹ tó fa ọrun rí kò ní béèrè ìdí. Ọrun náà ni àwọn ará Róòmù fi pè é ní èdè Látìn. Etí òbìrìkítí jẹ́ 360° yípo, ìwọ̀n ọrun kan sì ni ìwọ̀n igun tó kọjú sí i láti àárín.

Ìlànà kan ló ru gbogbo iṣẹ́ yìí. Euclid, tó gbé ní Alẹkisáńdríà ní ilẹ̀ Íjíbítì ní nǹkan bí ọdún 300 ṣáájú ìbí Jésù, kọ ọ́ sí apá kẹta ìwé rẹ̀, Elements: igun tó wà ní àárín jẹ́ ìlọ́po méjì igun tó wà ní etí, bí àwọn méjèèjì bá kọjú sí ọrun kan náà. Kí O jẹ́ àárín, kí A, B àti C wà ní etí, kí O sì wà láàárín apá méjèèjì igun C. Fa ìlà láti C gba O kọjá dé D ní etí kejì. OA àti OC gùn bákan náà, torí náà igun A àti igun C nínú anígunmẹ́ta OAC dọ́gba. Igun AOD, tó wà lóde anígunmẹ́ta yẹn, jẹ́ àròpọ̀ wọn, ìyẹn ìlọ́po méjì èyí tó wà ní C. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lápá B. Ro apá méjèèjì pọ̀, ọ̀rọ̀ ti yanjú. Bí O bá bọ́ síta igun náà, yíyọ la ó yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì.

Bí AOB bá jẹ́ 140°, ACB á jẹ́ 70°. Kí C máa rìn lórí ọrun ńlá bó ṣe wù ú, 70° náà ni. Ṣùgbọ́n bó bá bọ́ sórí ọrun kékeré, ọrun 220° ló kọjú sí, igun rẹ̀ á di 110°. Ibí yìí ni akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń ṣìnà. 70 àti 110 pé 180. Ìdí nìyẹn tí igun méjì tó dojú kọra nínú anígunmẹ́rin tí gbogbo ṣóńṣó rẹ̀ wà ní etí fi ń pé 180°.

Bí ọsán bá gba àárín kọjá, ọrun rẹ̀ jẹ́ 180°, igun etí tó kọjú sí i á sì jẹ́ 90°. Òǹkọ̀wé ayé àtijọ́ kan, Diogenes Laertius, kọ ọ́ pé òǹkọ̀wé mìíràn, Pamphila, ní Thales ará Miletus ló kọ́kọ́ ya anígunmẹ́ta tó ní igun 90° sínú òbìrìkítí, tó sì fi màlúù rúbọ. Káfíńtà tó ń wá àárín pátákó róbótó lè lò ó lónìí. Kó fi ṣóńṣó irin onígun 90° rẹ̀ kan etí pátákó, kó sàmì síbi tí apá irin méjèèjì ti gé etí, kó fa ìlà láti àmì kan sí èkejì. Kó tún un ṣe láti ibòmíràn. Ibi tí ìlà méjèèjì ti pàdé ni àárín.

Bí ọsán méjì bá gba ara wọn kọjá nínú òbìrìkítí, igun wọn jẹ́ ìdajì àròpọ̀ ọrun méjì tó kọjú síra: 80° àti 40° á fún wa ní 60°. Bó bá jẹ́ òde ni ìlà méjèèjì ti pàdé, ìdajì ìyàtọ̀ ni: 20°.

Ìdánwò WAEC kì í fi ìmọ̀ yìí sílẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń há òfin rẹ̀ sórí lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni pé wọn kò bára tan. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló yẹ kí wọ́n máa bi ara wọn: ọrun wo ni igun yìí kọjú sí? Ká ní ìlà méjì ti àmì P lóde òbìrìkítí wá, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kan etí lẹ́ẹ̀kan péré, ní A àti ní B, igun P sì jẹ́ 50°. Ìlà tó ti àárín wá bá ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní igun 90°, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin anígunmẹ́rin OAPB sì pé 360°, nítorí náà AOB jẹ́ 130°. Ọrun kékeré jẹ́ 130°, ti ńlá jẹ́ 230°, igun etí tó wà lórí ọrun ńlá jẹ́ 65°. Ìdajì ìyàtọ̀ 230 àti 130 sì tún gbé 50° padà fún wa.