Ta Ló Ń Ṣe Ọta? Ìtàn Ìbọn Webley

Àwọn àgbà ní ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a kọ ìbọn sí òun? Òótọ́ ni, ẹ̀rù ìbọn kì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ apátí kọ́ la fẹ́ sọ lónìí, ọ̀rọ̀ ọta ni. Ìbọn tí kò ní ọta, irin lásán ni. Èrò tiwa ni pé ẹni tó ń ṣe ọta ló ni ìbọn, bí ìbọn náà kò tilẹ̀ sí lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á fi Webley ṣe àpẹẹrẹ. Rìfọ́fà ni, ìyẹn ìbọn ìléwọ́ tí sìlíńdà rẹ̀ ń yí, tó ń gba ọta mẹ́fà. Ìlú Birmingham ni wọ́n ti ń ṣe é. Ní 1887 ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba oríṣi kìíní rẹ̀. Oríṣi kẹfà jáde ní 1915, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní.

Ọta .455 ni ìbọn yìí ń jẹ. Ètù dúdú ni wọ́n kọ́kọ́ ń rọ sínú rẹ̀, ètù dúdú sì máa ń kún inú kátíríìjì. Nígbà tí kọ́dáìtì dé, ìyẹn ètù tí èéfín rẹ̀ kò pọ̀, ìwọ̀nba díẹ̀ ló tó láti ṣe iṣẹ́ kan náà. Ìdí nìyí tí wọ́n fi gé kátíríìjì náà kúrú ní 1897. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó padà sí i.

Ní 1932, àwọn ológun Gẹ̀ẹ́sì yan rìfọ́fà mìíràn, Enfield, tó ń lo ọta .38, nítorí ó fúyẹ́, ó sì rọrùn fún ẹni tí kò pẹ́ lẹ́nu ẹ̀kọ́ ogun. Díẹ̀díẹ̀, Webley di àlòkù ológun. Ọ̀pọ̀ nínú wọn dé Amẹ́ríkà, wọ́n sì tà wọ́n fún ará ìlú. Wàhálà ibẹ̀ ni pé .455 ṣọ̀wọ́n lọ́hùn-ún; .45 ACP ti ológun Amẹ́ríkà ló kún ọjà. Kí ni àwọn oníṣòwò ṣe? Wọ́n fá ẹ̀yìn sìlíńdà kí .45 ACP lè wọ̀ ọ́, pẹ̀lú irin pẹlẹbẹ tó rí bí ìlàjì òṣùpá, tó ń di ọta mẹ́ta mú. Ó wọ̀ ọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n agbára .45 ACP tí wọ́n ń tà lọ́jà ju èyí tí wọ́n ṣe Webley fún lọ. Sìlíńdà lè fọ́ mọ́ ènìyàn lọ́wọ́.

Ibí ni iṣẹ́ àwọn tó ń tún kátíríìjì kì ti wọlé. Ní èdè wa, a máa ń ki ìbọn ni. Ìbọn ṣakabùlà ni ọ̀rọ̀ yìí bá mu jù: ọdẹ á da ètù sí ẹnu ìbọn, á fi ọ̀pá kì í mọ́lẹ̀, á sì kó òjé sí i. Kátíríìjì ló gba iṣẹ́ yìí kúrò lọ́wọ́ ọdẹ, tó gbé e fún ilé iṣẹ́ ńlá. Ẹni tó ń tún kátíríìjì kì ń gba iṣẹ́ náà padà. Á yọ ìdérí kékeré tó ti jóná ní ìdí idẹ, á fún idẹ náà padà sí ìwọ̀n rẹ̀, á fi ìdérí tuntun sí i, á wọn ètù, á sì fi òjé dé e lórí.

Ewu ibẹ̀ ni ohun tí a sọ nípa kọ́dáìtì. Ètù òde òní kì í kún inú idẹ, nítorí náà ènìyàn lè rọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì láìfura. Àwọn tó mọ iṣẹ́ a máa tan iná wo inú idẹ kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó dé e. Wọ́n sì ń rí i pé agbára rẹ̀ kò ju ti .455 àtijọ́ lọ.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀, lẹ́yìn ìpànìyàn tó ṣẹlẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Dunblane ní 1996, òfin 1997 gba èyí tó pọ̀ jù nínú ìbọn ìléwọ́ kúrò lọ́wọ́ ará ìlú. Àwọn ará Amẹ́ríkà ló wá ń bọ́ ìbọn tí wọ́n ṣe fún àwọn ọmọ ogun Ọbabìnrin Victoria. Ìdérí tó sì rọrùn fún wọn láti yọ, orúkọ Edward Boxer, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì, ló ń jẹ́.

Kí ló kàn wá níbẹ̀? Nígbà Ogun Kírìjì, àwọn Èkìtìparapọ̀ rí ìbọn oníkátíríìjì gbà láti Èkó, ó sì já àwọn Ìbàdàn láyà. Ṣùgbọ́n alágbẹ̀dẹ tó lè tún ìbọn ṣe kò lè rọ kátíríìjì; ọ̀nà Èkó ni ó gbọ́dọ̀ máa gbà wá. Nítorí náà, nígbàkígbà tí a bá kà nínú ìtàn pé ẹgbẹ́ ogun kan ní ìbọn tó pọ̀, ẹ jẹ́ kí á bèèrè ìbéèrè kan sí i: ta ló ń ṣe ọta fún wọn?