Oògùn ni tàbí Májèlé? Ìtàn Gamalin ní Oko Kòkó

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ó yẹ kí a wo ohun tó wà nínú ìgò náà kí a tó fún un lórúkọ. Lóko kòkó wa, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo la fi ń pe gbogbo ohun tí à ń fín sára igi láti fi pa kòkòrò: oògùn. Oògùn ibà, oògùn ni. Oògùn kòkó náà, oògùn ni. Èyí tó ń wo àìsàn àti èyí tó ń pa ẹ̀mí, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́. Ohun tí orúkọ yìí ti kó bá wa ni mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò lónìí, ìtàn Gamalin ni mo sì fẹ́ fi ṣe é.

Lindane ni kẹ́míkà tó wà nínú Gamalin. Michael Faraday ló kọ́kọ́ ṣe àdàlù tí lindane wà nínú rẹ̀, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1825. Orúkọ Teunis van der Linden, ará Họ́láńdì tó ṣàwárí lindane gan-an nínú àdàlù náà ní 1912, ni wọ́n fi pè é. Síbẹ̀, ó di ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì kí wọ́n tó mọ̀ pé ó ń pa kòkòrò bí iná ṣe ń jó ewé gbígbẹ. Ilé-iṣẹ́ ICI ní Bìrìtìkó wá ń tà á fún àwọn àgbẹ̀ kòkó Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà lórúkọ Gammalin 20. 20 yẹn ń sọ pé ìdá 20 nínú 100 rẹ̀ jẹ́ lindane.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá àwọn bàbá wa lẹ́bi. Kòkòrò wẹ́wẹ́ kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Sahlbergella singularis. Yóò gún ọ̀mùnú igi kòkó àti èso rẹ̀, yóò máa fa omi ara wọn mu. Kò ní pẹ́ tí orí igi yóò fi gbẹ. Ilé ìwádìí kòkó tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Tafo, ní Gánà, ní 1938 ṣiṣẹ́ lórí kòkòrò yìí, CRIN tí wọ́n dá sílẹ̀ nítòsí Ìbàdàn ní 1964 náà sì ṣe bẹ́ẹ̀. Gamalin ṣiṣẹ́ ní tòótọ́. Owó kòkó tó bọ́ lọ́wọ́ kòkòrò rán ọmọ nílé ìwé, ó kọ́ ilé alájà. Ta ni yóò rí ohun tó wo igi rẹ̀ sàn tí kò ní pè é ní oògùn?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dùn mọ́ èmi onímọ̀ èdè rèé. Kò pẹ́ tí ohun kan náà fi kúrò lóko, tó dé etí odò. Àwọn kan ń dà á sómi kí ẹja lè kú léfòó, kí wọ́n máa ṣà á. Lindane le púpọ̀ fún ẹja. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń tàn kálẹ̀, “gamalin” kúrò ní orúkọ ọjà, ó di orúkọ fún ohunkóhun tó lè pa èèyàn. Ohun tí à ń pè ní oògùn lórí igi kòkó, a pè é ní májèlé nígbà tó dé inú omi. Bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tó yí padà nínú rẹ̀. Èdè wa ti mọ òtítọ́ ọ̀hún tipẹ́tipẹ́. Etí odò nìkan ló ti ń sọ ọ́.

Ẹ wá wo bí òfin ṣe pẹ́ tó. Láàárín 1960 sí 1970, àwọn kòkòrò yìí ti ń yó lindane láìkú ní Gánà àti Nàìjíríà. Wọ́n wá gbé endosulfan dé. Nígbà tó di 1 oṣù kẹsàn-án 2008, òfin ilẹ̀ Yúróòpù lórí ìwọ̀n kẹ́míkà tó gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù sára oúnjẹ, títí kan èso kòkó, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àdéhùn Stockholm fi lindane sára àwọn kẹ́míkà tí ayé gbọ́dọ̀ pa tì ní 2009, ó fi endosulfan kún un ní 2011. Ní 2015, IARC, ẹ̀ka àjọ WHO tó ń rí sí ìwádìí jẹjẹrẹ, kéde pé lindane ń fa jẹjẹrẹ lára ènìyàn. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: ẹni tó ń fín Gamalin nígbà tó jẹ́ ọ̀dọ́ ti di arúgbó kí òfin tó dé.

Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Ní 2015 kan náà, ilẹ̀ Yúróòpù dá ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà dúró torí dichlorvos. Ìwọ̀n tí wọ́n fàyè gbà ni 0.01 mílígíráàmù nínú kílò kan. Èyí tí wọ́n rí lára ẹ̀wà wa bẹ̀rẹ̀ láti 0.03, ó dé 4.6. Dichlorvos yìí ló wà nínú Sniper, òun náà ni wọ́n sábà máa ń lú pọ̀ fi ṣe ọ̀tapíapíà, orúkọ tí a yá lọ́dọ̀ Ìgbò. Ìgbò kò fi bò: ohun tó ń jẹ nǹkan run pátápátá ni wọ́n pè é. Àwa tó yá ọ̀rọ̀ náà kò yá ìkìlọ̀ inú rẹ̀. Ní 2019, NAFDAC kó ìgò Sniper kékeré kúrò ní ṣọ́ọ̀bù ńlá àti ọjà gbangba. Paraquat, tó ń pa koríko, ni òfin kàn ní 2024.

Mo fara mọ́ òfin wọ̀nyí. Àmọ́ orúkọ kẹ́míkà ni òfin fi ń sọ̀rọ̀, orúkọ ọjà ni àgbẹ̀ mọ̀. Bí wọ́n bá fòfin de ọ̀kan, òmíràn yóò dé nínú ìgò tuntun, a ó tún máa pè é ní oògùn. Lóòótọ́, FAO àti WHO ṣètò àwọ̀ tó yẹ kó wà lára ìgò: pupa fún èyí tó léwu jù, lẹ́yìn náà yẹ́lò, búlúù, àti àwọ̀ ewé. Ta ló ti jókòó ṣàlàyé rẹ̀ fún àgbẹ̀ ní Yorùbá? Gẹ̀ẹ́sì wínníwínní ni wọ́n kọ ìyókù.

Ẹnì kan lè sọ pé orúkọ kọ́ ló ń pa èèyàn, àìwọ ìbọ̀wọ́ ni. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ló ń wọ ìbọ̀wọ́ fi mu oògùn? Ẹni tó bá gbà pé oògùn ni yóò fọwọ́ rò ó, yóò gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ iyọ̀, yóò fọ kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ pọn omi mímu. Orúkọ ló ń darí ọwọ́.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, púpọ̀ nínú yín wà ní rédíò, ní ilé ìwé, ní iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀gbìn. “Apakòkòrò” wà nílẹ̀, gbogbo ènìyàn ló yé. Ẹ máa lò ó. Bí ìgò bá ní àwọ̀ pupa, ẹ pè é ní májèlé, kí ẹ sì sọ ọ́ létí àgbẹ̀ kó tó ṣí i.