Àdéhùn Ilẹ̀ Yúróòpù àti Ilẹ̀ Áfíríkà: Láti Róòmù Dé Samoa

  

Ẹlòmíràn lè béèrè pé kí ló kan àlùfáà nínú ọ̀rọ̀ tí ìjọba Yúróòpù bá ń bá ìjọba Áfíríkà sọ. Ó kàn wá gan-an ni. Ní oṣù keje ọdún 2024, ariwo gba orí mínbárì àti rédíò kan ní Nàìjíríà pé ìjọba ti fọwọ́ sí ìwé kan tí wọ́n ń pè ní Àdéhùn Samoa. Àwọn kan ní ìwé náà yóò mú kí òfin gba ìbálòpọ̀ ọkùnrin sí ọkùnrin àti obìnrin sí obìnrin láàyè. Ìjọba ní kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, pé àwọn sì ti fi ìwé àlàyé tiwọn kún un pé ohunkóhun tó bá ta ko òfin Nàìjíríà kò lè dè wá. A jiyàn títí. Ṣùgbọ́n ohun tí mo ṣàkíyèsí ni pé díẹ̀ ló béèrè ibi tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti ṣẹ̀ wá. Ìwé náà kì í ṣe àkọ́bí. Ó ní baba, ó ní baba ńlá. Bí ọmọdé ò bá bá ìtàn, á bá àrọ́bá. Àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Ìtàn ìdílé ìwé yìí ni mo fẹ́ sọ, kí á lè mọ ìgbà tí ọwọ́ wa ròkè àti ìgbà tí ó wálẹ̀, àti ohun tó fà á.

1. Róòmù, ọdún 1957

Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹta ọdún 1957, orílẹ̀-èdè mẹ́fà pàdé ní Róòmù: Faransé, Jámánì Ìwọ̀-Oòrùn, Ítálì, Bẹ́ljíọ̀m, Họ́láńdì àti Luxembourg. Wọ́n kọ ìwé láti sọ ọjà wọn di ọ̀kan. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà ṣì wà lábẹ́ àwọn òyìnbó. Faransé sọ pé àfi kí àwọn ilẹ̀ tí òun ń ṣàkóso ní àyè nínú ẹgbẹ́ náà kí òun tó wọ̀ ọ́. Bí wọ́n ṣe fi Apá Kẹrin sínú ìwé Róòmù nìyẹn, fún àwọn ilẹ̀ òkè òkun, tí wọ́n sì dá àpò owó kan sílẹ̀ láti máa fi ṣe ọ̀nà àti ilé ìwòsàn níbẹ̀. Tógò àti Dàhòmì, àwọn aládùúgbò wa, wà lára wọn.

Ẹ kíyè sí i. Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ nípa Áfíríkà sínú ìwé, ṣùgbọ́n Áfíríkà kò jókòó síbi tábìlì náà.

2. Yaoundé àti Èkó: olúkúlùkù lọ́tọ̀

Nígbà tí òmìnira dé, ó di dandan kí wọ́n tún ìwé kọ. Ní ọjọ́ 20 oṣù keje ọdún 1963, orílẹ̀-èdè 18 fọwọ́ sí àdéhùn ní Yaoundé, ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni Faransé ti ṣàkóso rí. Ẹrù wọn yóò máa wọ ọjà Yúróòpù láìsan owó ibodè, ṣùgbọ́n àwọn náà gbọ́dọ̀ ṣílẹ̀kùn fún ẹrù Yúróòpù. Ọmọ kékeré àti géńdé ni wọ́n ní kí wọ́n jọ jìjàkadì, tí wọ́n sì ní òfin kan náà ni fún àwọn méjèèjì.

Kwame Nkrumah ní Gánà kọ̀ ọ́. Ó ní ìjọba amúnisìn ló tún fẹ́ gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Nàìjíríà náà kọ̀ ọ́ ní ọdún 1962, lábẹ́ Abubakar Tafawa Balewa. Ṣùgbọ́n kíkọ̀ nìkan kò ta ọjà. Nàìjíríà rán Dókítà Pius Okigbo lọ sí Brussels kí ó lọ bá wọn dúnàádúrà fún Nàìjíríà nìkan. Ní ọjọ́ 16 oṣù keje ọdún 1966, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn náà ní Èkó. Ohun mẹ́rin ni wọ́n fi òṣùwọ̀n sí, pé bí ó bá ti ju iye kan lọ, a ò ní jẹ àǹfààní rẹ̀ mọ́: kòkó, òróró ẹ̀pà, epo pupa àti pákó tí wọ́n fi ẹ̀rọ lẹ̀ pọ̀. Ẹ wo àwọn ohun mẹ́rin yìí dáadáa. Àwọn ni ọjà wa nígbà náà. Àdéhùn ọ̀hún kò sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láé. Kì í ṣe gbogbo àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló fi òǹtẹ̀ lù ú nílé wọn, ogun abẹ́lé sì dé bá wa ní 1967. Ẹni tó dá lọ, ọwọ́ òfo ló gbé bọ̀.

3. Lomé, 1975: nígbà tí ohùn wa ṣọ̀kan

Ní ọjọ́ kìíní ọdún 1973, Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọ ẹgbẹ́ Yúróòpù. Ó di pé àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ti ṣàkóso náà gbọ́dọ̀ ní àdéhùn. Àwọn kan rò pé à ó máa jà láàrin ara wa: àwọn tó ń sọ Faransé ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá wọn pín nínú àpò owó, àwọn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ò sì fẹ́ ṣílẹ̀kùn fún ẹrù òyìnbó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1973 kan náà, Ẹgbẹ́ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Áfíríkà, OAU, fẹnu kò lórí ìlànà kan pé ohùn kan la ó fi sọ̀rọ̀. Àwọn erékùṣù Kàríbíánì àti ti Pàsífíìkì dara pọ̀ mọ́ wa. Ọmọ Nàìjíríà kan, Olu Sanu, tó jẹ́ aṣojú wa ní Brussels, wà lára àwọn tó kó àwọn aṣojú Áfíríkà pọ̀ tí wọn ò fi fọ́.

Kí ló fún Nàìjíríà ní agbára yẹn? Owó epo rọ̀bì gbéra sókè ní ìparí 1973. Nàìjíríà kò wá tọrọ owó, nítorí náà ó lè sọ pé rárá. Ẹni tí ebi ń pa kì í lè bá olóúnjẹ jiyàn. Ẹni tó yó láàrin wa ló bá àwọn tí ebi ń pa jiyàn, gbogbo wa la sì jọ jẹ nínú rẹ̀.

Ní ọjọ́ 28 oṣù kejì ọdún 1975, orílẹ̀-èdè 46 tiwa àti mẹ́sàn-án ti Yúróòpù fọwọ́ sí àdéhùn ní Lomé, olú-ìlú Tógò. Dàhòmì fọwọ́ sí i ní orúkọ yẹn. Kò tíì yí orúkọ padà sí Benin. Kí la rí gbà?

(i) Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹrù wa yóò máa wọ Yúróòpù láìsan owó ibodè, kò sì di dandan kí á ṣe bẹ́ẹ̀ fún tiwọn. Ẹrù Yaoundé kúrò lọ́rùn wa.

(ii) Wọ́n dá ètò kan sílẹ̀ tó ń jẹ́ STABEX. Bí owó tí orílẹ̀-èdè kan ń rí lórí kòkó, kọfí, ẹ̀pà tàbí òwú bá já sílẹ̀ ju ìpíndọ́gba ọdún mẹ́rin tó ṣáájú lọ, Yúróòpù yóò fi owó dí àlàfo rẹ̀. Sẹ̀nẹ̀gà rí owó ńlá gbà lórí ẹ̀pà.

(iii) Wọ́n ṣèlérí láti máa ra ṣúgà ní iye tí wọ́n dá lé.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Oṣù mẹ́ta péré lẹ́yìn Lomé, ní ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún ọdún 1975, orílẹ̀-èdè 15 dá ECOWAS sílẹ̀ ní Èkó. Gowon ti Nàìjíríà àti Eyadéma ti Tógò ló ṣagbátẹrù rẹ̀. Àwọn tó ti jọ jókòó ní Brussels ti rí i pé àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Àmọ́, ká má ṣe pọ́n ọn ju bó ti yẹ lọ. Láti jẹ nínú STABEX, ọjà náà gbọ́dọ̀ tó ìdá 7.5 nínú 100 owó tí orílẹ̀-èdè ń rí láti òkè òkun. Fún àwọn tó tálákà jù, ìdá 2.5 ni. Ní Nàìjíríà ìgbà náà, epo rọ̀bì ti kó ju ìdá 90 lọ, kòkó wa kò tó ìwọ̀n. Àgbẹ̀ Oǹdó àti Iléṣà ń gbin kòkó bí àgbẹ̀ Gánà ti ń gbìn ín, ṣùgbọ́n epo tí kò débi oko wọn ló dí wọn lọ́nà. Nígbà tí owó kọfí àti kòkó sì já lulẹ̀ káàkiri ní 1980 àti 1981, àpò STABEX kò lè san gbogbo ohun tí wọ́n béèrè. Èyí tó wá burú jù ni pé, láti 1976 sí 1998, ìpín tiwa nínú ohun tí Yúróòpù ń rà láti òkè òkun já sílẹ̀ ju ìdajì lọ. Wọ́n ṣílẹ̀kùn fún wa, ṣùgbọ́n ohun tí a gbé wọlé kò yàtọ̀ sí ohun tí bàbá wa ń gbé: hóró kòkó, ẹ̀pà, pákó.

4. Kútọnu, 2000: bí agbo ṣe tú

Wọ́n tún Lomé ṣe ní 1979, 1984 àti 1989. Ọwọ́ wa kò ròkè bíi ti àkọ́kọ́ mọ́, nítorí gbèsè ti mu wá dé ọrùn. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn kún un. Mi ò ní sọ pé ìyẹn burú. Nígbà tí ìjọba ológun so Ken Saro-Wiwa àti àwọn mẹ́jọ mìíràn kọ́ ní ọjọ́ 10 oṣù kọkànlá ọdún 1995, Yúróòpù dá owó ìrànlọ́wọ́ dúró, wọ́n sì ti ìlẹ̀kùn mọ́ àwọn aláṣẹ ológun títí di 1999. Ẹni tó bá fẹ́ ṣòótọ́ gbọ́dọ̀ ka èyí mọ́ oore.

Ní 1995, àjọ òwò àgbáyé, WTO, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àwọn ilẹ̀ Amẹ́ríkà Gúúsù àti Àárín tó ń gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ fẹjọ́ sùn pé kí ló dé tí Yúróòpù ń ṣojú rere sí àwa nìkan. Wọ́n jàre. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹfà ọdún 2000, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn tuntun ní Kútọnu, fún ogún ọdún. Ó ní tó bá di 2008, àwa náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣílẹ̀kùn fún ọ̀pọ̀ ẹrù wọn, agbègbè kọ̀ọ̀kan yóò sì lọ dúnàádúrà tirẹ̀. Ibi tí agbo ti tú nìyẹn.

Nàìjíríà kọ̀ láti fọwọ́ sí ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ó ní ẹrù Yúróòpù yóò pa ilé iṣẹ́ òun. Ọ̀rọ̀ náà mọ́gbọ́n dání. Ṣùgbọ́n Kóòdìfúà àti Gánà lọ fọwọ́ sí tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, àwọn méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní 2016. Èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, ọmọ àgbẹ̀ kòkó ni mí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n fi kòkó ṣàlàyé. Bí Nàìjíríà bá fi hóró kòkó ránṣẹ́ sí Yúróòpù, kò san owó ibodè. Bí ó bá fún ọ̀rá kòkó, tó fi ìyẹn ránṣẹ́, ó san. Gánà kò san nínú méjèèjì. Ta ni yóò wá fi owó rẹ̀ dá ilé iṣẹ́ tó ń fún ọ̀rá kòkó sílẹ̀ ní Oǹdó? Àwọn ọmọ wa tí ìbá ríṣẹ́ níbẹ̀ ń wá ọ̀nà àtilọ sí Yúróòpù kan náà.

5. Samoa, àti òfin tí kò gba àdéhùn

Ní ọjọ́ 15 oṣù kọkànlá ọdún 2023, wọ́n fọwọ́ sí ìwé tó rọ́pò ti Kútọnu ní Samoa. Nàìjíríà fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 28 oṣù kẹfà ọdún 2024. Ó ní ìpìlẹ̀ kan fún gbogbo wa, ó sì ní apá tó jẹ́ ti Áfíríkà nìkan. Kí á tó jà lórí rẹ̀, ẹ jẹ́ ká mọ ohun kan: Abala 12 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 sọ pé àdéhùn tí a bá orílẹ̀-èdè mìíràn ṣe kò ní agbára òfin nílé wa àyàfi bí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin bá sọ ọ́ di òfin. Ilẹ̀kùn kan ṣì wà láàrin ìbuwọ́lùwé ní òkè òkun àti ilé ẹjọ́ wa nílé. Àwọn tí a dìbò fún ló ń ṣọ́ ilẹ̀kùn náà.

Bẹ́ẹ̀ sì ni, òfin mìíràn wà tí wọn kò bá wa ṣàdéhùn lé lórí rárá. Ní 2023, Yúróòpù ṣòfin pé kòkó, kọfí, epo, rọ́bà àti pákó tó bá ti inú igbó tí wọ́n bẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 2020 jáde kò gbọdọ̀ wọ ọjà àwọn, àti pé kí ẹni tó ń kó o wọlé lè tọ́ka sí ibi tí oko náà wà gan-an. Wọ́n ti sún ọjọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀ síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Dídáàbò bo igbó dára. Ṣùgbọ́n ta ni yóò bá bàbá arúgbó tó ní éékà mẹ́ta wọn oko rẹ̀? Mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pariwo èyí lórí mínbárì.

Kí ni ká ṣe?

Ní Hudaybiyya, ní ọdún kẹfà Hijra, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ni Ànábì, kí ọlà Ọlọ́hun máa bá a, àti Suhayl ọmọ Amr gbé yẹ̀ wò kí wọ́n tó pa ìwé dé. Wọ́n pa ọ̀rọ̀ kan rẹ́, wọ́n fi òmíràn sí i. Lẹ́yìn náà, ó pa àdéhùn mọ́. Kí á tó fọwọ́ sí i ni àyẹ̀wò wà. Bí a bá ti fọwọ́ sí i tán, ìmúṣẹ ló kù.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ kọ́ èdè Faransé pẹ̀lú Lárúbáwá àti Gẹ̀ẹ́sì yín, kí ẹ sì kọ́ òfin òwò; irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi jókòó ní Brussels ní 1973. Ẹ̀yin olórí jámáà, ẹ pe aṣòfin agbègbè yín kí ó wá ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún yín kí ilé ìgbìmọ̀ tó fọwọ́ kàn án, ẹ sì bi í léèrè ọ̀rọ̀ kòkó pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìwà. Ẹ̀yin tó ń jọba lé wa lórí, ẹ wo ECOWAS. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2025, Mali, Burkina Faso àti Niger jáde kúrò níbẹ̀. Ìlú tí gbogbo wa ti jọ jókòó ní 1975, ẹ má jẹ́ kó tú tán. Ibi tí a bá ti ń dá lọ, ohun tí wọ́n bá bù fún wa la ó máa gbà.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní ìmọ̀ tó ń ṣàǹfààní, kí Ó sì so ọwọ́ wa pọ̀. Àmín.