Àpò Omi Ẹnu Ọmọdé: Ìtàn Ìtọ́jú Tí Kò Mú Ìpalára Púpọ̀ Wá

Àpò omi lè wú nínú egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọdé, kó sì ti eyín tí kò tíì hù kúrò ní àyè rẹ̀. Ní 1892, Carl Partsch, oníṣẹ́ abẹ ará Jámánì, ṣàlàyé ọ̀nà tí kò le tó gbígbẹ́ gbogbo rẹ̀ jáde: kí wọ́n la ojú àpò náà, kí wọ́n rán etí rẹ̀ mọ́ awọ inú ẹnu, kí omi máa ṣàn jáde, kí egungun tuntun sì máa dí ihò náà. Ó ń gba ọ̀pọ̀ oṣù, ṣùgbọ́n èrè ńlá ni fún ọmọdé: eyín tí wọn ìbá yọ dànù sábà máa ń hù fúnra rẹ̀.

Ìtọ́jú àpò omi abẹ́ ahọ́n tún rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1995, àwọn oníṣègùn Morton àti Bartley dábàá fífi òwú sílíìkì gba orí àpò náà kọjá.

Ní Nàìjíríà, LUTH, ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Èkó, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìdí-Àràbà ní 1962. Ẹ̀kọ́ ìṣègùn eyín yunifásítì náà sì bẹ̀rẹ̀ ní 1966. Kí ìtọ́jú àpò inú egungun tó tẹ̀ síwájú, ó yẹ kí wọ́n gé díẹ̀ lára awọ àpò náà fún àyẹ̀wò, torí iwú ameloblastoma, tó wọ́pọ̀ ní Nàìjíríà, lè fara jọ ọ́.