Ihò Kékeré Tó Yí Iṣẹ́ Abẹ Padà

Ó pẹ́ tí àwọn oníṣẹ́ abẹ ti gbà pé ojú ọgbẹ́ gbọ́dọ̀ fẹ̀ kí iṣẹ́ tó lè dára. Aláìsàn ló ń jẹ ìyà rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá la ikùn rẹ̀ nítorí òkúta inú òrónro lè lo nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan nílé ìwòsàn, kó tún fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan jókòó sílé.

Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1985, ní ìlú Böblingen ní Jámánì, Dókítà Erich Mühe yọ òrónro aláìsàn kan láì la ikùn rẹ̀ gbàragada. Afẹ́fẹ́ ni wọ́n fi ń wú ikùn kí àyè lè wà. Ihò kékeré ni awò gbọọrọ àti irinṣẹ́ tín-ín-rín ń gbà wọlé. Ní 1986, ó ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ Jámánì. Wọn kò kà á sí.

Ní 1987, Philippe Mouret ṣe irú rẹ̀ ní Lyon ní ilẹ̀ Faransé, ọ̀nà náà sì tàn kálẹ̀. Ẹni ọ̀ràn kàn ló ń mọ̀ ọ́n: àwọn aláìsàn fúnra wọn ló ń béèrè fún un, torí pé ọ̀pọ̀ ń padà sílé láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Àmọ́ ìkánjú náà ní ewu tirẹ̀. Níbẹ̀rẹ̀, àwọn dókítà tí ọwọ́ wọn kò tíì mọ́ ọn ń ṣèèṣì gé ọ̀nà tí òróòro ń gbà ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Ní 1992, ẹgbẹ́ tó kọ etí ikún sí Mühe ló fún un ní àmì ẹ̀yẹ. Kì í ṣe bí ojú ọgbẹ́ ṣe fẹ̀ tó la fi ń mọ oníṣẹ́ abẹ tó mọṣẹ́, bí kò ṣe bí ara aláìsàn ṣe le tó lẹ́yìn rẹ̀.