Ewé Kan láti inú Ìwé Dapper: Àwòrán Ààfin Bìní ti 1668 àti Àwa Ará Festac

1. Ìfáárà

Ó lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ ààfin Bìní ni mo gbé wá bá ará Festac. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Nítorí àwọn àlejò àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àti àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú ti ọdún 1977 ni a ṣe kọ́ ìlú yìí. Àwọn àlejò lọ, ará Èkó kó wọlé, orúkọ àjọ̀dún kò kúrò. Àmì àjọ̀dún náà ni ère ojú Ìyọba Ìdíà, ìyá Ọba Esigie, tí a fi eyín erin gbẹ́, tí a sì kó jáde nínú ààfin Bìní ní 1897. Àwòrán ààfin yìí tí ó lókìkí jù lọ ni èyí tí a fín sórí bàbà, tí a sì tẹ̀ ní Amsterdam ní 1668. Ìbéèrè mi ni pé: irú ẹ̀rí wo ni àwòrán náà jẹ́, báwo ni ó sì ti yẹ kí a kà á?

2. Bí a ṣe fín in

Olfert Dapper ni ó ṣe ìwé ńlá lórí ilẹ̀ Áfíríkà, tí àwòrán náà wà nínú rẹ̀. Jacob van Meurs ni ó tẹ̀ ẹ́ jáde. Dapper kò fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Áfíríkà rí. Ìròyìn àwọn oníṣòwò ará Họ́láńdì àti ìwé àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀ ni ó kó jọ.

Irú iṣẹ́ ọnà bẹ́ẹ̀ kò ní ṣàjèjì sí ẹni tí ó mọ igbá fínfín. Oníṣẹ́ a fi ìda bo bàbà pẹlẹbẹ, a fi abẹ́rẹ́ ya àwòrán la ìda náà já, a sì da omi kíkan lé e kí ó jẹ ibi tí bàbà ti hàn. Ó tún lè fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó fín in kún un. Lẹ́yìn náà ni yóò fi tàdáwà kún ojú fínfín, tí ẹ̀rọ yóò sì tẹ ìwé mọ́ ọn. Ohun tí ó wà lọ́tùn-ún lórí bàbà a di ti òsì lórí ìwé.

3. Ẹ̀rí mẹ́ta

Àwọn àgbà ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Bí a bá fi òwe yìí nìkan wọn Dapper, iṣẹ́ rẹ̀ kò ní gbéwọ̀n. Nínú àwòrán náà, Ọba wà lórí ẹṣin, àwọn onílù àti àwọn tí ń fa ẹkùn ń bá a kọ́wọ̀ọ́ rìn. Lẹ́yìn wọn ni òrùlé ààfin, tí ṣóńṣó orí rẹ̀ jọ ti ilé ìsìn Yúróòpù. Amọ̀ pupa ilé Bìní kò lè hàn nínú tàdáwà dúdú.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a pe ẹlẹ́rìí sí i. Nínú ọ̀rọ̀ tí ó bá àwòrán náà rìn, Dapper sọ pé ààfin náà tóbi tó ìlú Haarlem, pé bàbà tí a ya ìtàn ogun sí ni a fi bo àwọn òpó rẹ̀ láti òkè délẹ̀, àti pé ẹyẹ bàbà tí ó na ìyẹ́ wà lórí ṣóńṣó òrùlé. Ẹlẹ́rìí kejì ni David van Nyendael, tí ó dé Bìní fúnra rẹ̀. Nínú lẹ́tà rẹ̀ tí ó jáde nínú ìwé Bosman ní 1704, òun náà sọ̀rọ̀ ṣóńṣó òrùlé, ó sì fi ejò bàbà tí ó dorí kọ ilẹ̀ kún un. Ẹlẹ́rìí kẹta ni onílé. Àwọn asúdẹ Bìní ya ẹnu-ọ̀nà ààfin sórí pátákó idẹ: òrùlé gíga nìyẹn, ejò sì nìyẹn tí ó ń sọ̀ kalẹ̀ lára rẹ̀. Ẹ̀rí onílé ni mo gbà jù. Nítorí pé ó gbe ti àlejò lẹ́sẹ̀ ni mo fi gba ti Dapper gbọ́ lórí òrùlé. Èmi kò gbà á gbọ́ lórí ohun gbogbo.

4. Ohun tí a já kúrò nídìí rẹ̀

Ní oṣù kejì ọdún 1897, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba Bìní, iná jó ààfin, wọ́n sì lé Ọba Ovonramwen lọ sí Kàlàbá. Ọba Eweka Kejì, tí ó jọba ní 1914, tún ààfin kọ́. Ṣùgbọ́n àfojúbà ti àtijọ́ ti tán, ìròyìn ni ó kù.

Pátákó idẹ fọ́n ká sí Lọ́ńdọ̀nù, Berlin àti Leiden. Ère ojú Ìdíà di ti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé British Museum. Nígbà tí Nàìjíríà tọrọ rẹ̀ fún àjọ̀dún 1977, wọn kò yọ̀ǹda rẹ̀, oníṣọ̀nà Bìní kan ni ó gbẹ́ irú rẹ̀. Ìwé Dapper pàápàá kò bọ́. Àwọn tí ń ta ohun àtijọ́ a máa já ewé irú ìwé bẹ́ẹ̀, wọn a fi ọ̀dà kùn ún, wọn a fi gíláàsì bò ó, wọn a sì tà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó rà á ra àwòrán, kò ra ọ̀rọ̀. Kò gbọ́ nípa òpó alábàbà, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ̀ pé ẹni tí ó ṣe ìwé náà kò débẹ̀. Fún èmi tí mo fi ìwé kíkà ṣe iṣẹ́, òfò gidi ni èyí.

5. Àgbálọgbábọ̀

Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, ilẹ̀ Họ́láńdì, níbi tí a ti tẹ àwòrán yìí, dá iṣẹ́ ọnà Bìní 119 padà fún Nàìjíríà. A dúpẹ́. Ṣùgbọ́n bí ohun bá padà tí ìmọ̀ rẹ̀ kò bá a wá, ààbọ̀ ni ó dé. Níbi yòówù tí a bá gbé ewé Dapper kọ́ sí, ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ rẹ̀, ti Nyendael àti àwòrán pátákó idẹ tì í, kí àwọn ará Ẹdó sì sọ orúkọ tí wọ́n ń pe àgbàlá kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tí a bí sí Festac mọ ojú Ìdíà. Ó tọ́ kí ó mọ ilé tí a ti mú un wá.