Kòkòrò Inú Obì

“Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé.” Ìgbà tí ará ilé bá dalẹ̀ la sábà máa ń gbọ́ òwe yìí lẹ́nu àgbà. Kì í ṣe ìwà kòkòrò náà ni òwe ń tọ́ka sí, bí kò ṣe ibi tó fi ṣe ibùgbé. Obì á máa dán lójú, ẹni tó rà á kò ní fura, àfi ìgbà tó bá pa á.

Àwọn ẹ̀rọ sẹ́ńsọ̀ aláìlo wáyà ni òwe yìí bá wí gan-an. Ẹ̀rọ kéékèèké ni wọ́n, tí a ń fọ́n sínú oko, igbó tàbí ojú ogun kí wọ́n máa wọn ooru, ọ̀rinrin tàbí mímì ilẹ̀, kí wọ́n sì máa fi ìròyìn ránṣẹ́ láti ọ̀kan sí èkejì títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà tó ń gbà á jọ. Ní 2002, àwọn onímọ̀ kó 32 irú rẹ̀ lọ sí Great Duck Island, létí òkun ìpínlẹ̀ Maine ní Amẹ́ríkà, láti ṣọ́ ihò tí ẹyẹ òkun ń yé sí. Ẹyẹ kì í jí kọ́kọ́rọ́ àṣírí tí àwọn ẹ̀rọ yìí fi ń ti ìròyìn wọn pa. Ká ní ẹ̀bá ọ̀pá epo ni wọ́n rì wọ́n mọ́ ńkọ́, níbi tí kò sí ọlọ́dẹ?

Sẹ́ńsọ̀ Mica2, tó gbajúmọ̀ ní yàrá ìwádìí nígbà náà, kílóbáìtì 4 péré ló fi ń rántí ohun tó ń ṣe lọ́wọ́, bátìrì rìmóòtù méjì ló sì ń gbé e. Ní 2005, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Colorado fi hàn pé ẹni tó bá ti dì í mú lè kó gbogbo ohun tó wà níkùn rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan, àti kọ́kọ́rọ́ àṣírí rẹ̀. Yóò yí i lọ́kàn padà kó lè máa purọ́, yóò sì dá a padà sáàyè rẹ̀. Ìlẹ̀kùn tí a tì ń dènà ará ìta. Kí ló fẹ́ ṣe fún ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀?

Nítorí náà, ẹ má fún gbogbo wọn ní kọ́kọ́rọ́ kan náà. Àwọn olùwádìí méjì, Eschenauer àti Gligor, dá a lábàá ní 2002 pé ká ṣe òkìtì kọ́kọ́rọ́, kí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan bu díẹ̀ láìṣà. Bí òkìtì bá jẹ́ 10,000, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bu 83, nǹkan bí ìdajì àǹfààní ló wà pé ẹ̀rọ méjì yóò ní ọ̀kan tó bára mu, tí wọ́n á fi bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ó dáa, ṣùgbọ́n àdánù ló dín kù. Irọ́ kò tíì dáwọ́ dúró.

Irọ́ ọ̀hún ni kí ẹ wò. Sẹ́ńsọ̀ 5 ń wọn ooru oko kan: 31, 32, 32, 33, òpùrọ́ ní 500. Bí a bá rò wọ́n pọ̀ tí a pín in sí 5, ó di 125.6, oko ti jóná nìyẹn! Ṣùgbọ́n bí a bá tò wọ́n láti kékeré dé ńlá, tí a mú èyí tó wà láàárín gbùngbùn, 32 náà ni. David Wagner ti Berkeley ló tú ọ̀rọ̀ yìí palẹ̀ ní 2004. Ohun tó wù mí nínú rẹ̀ ni pé kò tilẹ̀ béèrè ta ni òpùrọ́.

Ọ̀tá tún lè ṣe ẹ̀dà ẹ̀rọ kan, kó fọ́n ọn káàkiri. Parno, Perrig àti Gligor dáhùn èyí ní 2005: kí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan kéde ibi tó wà, kó fi òǹtẹ̀ lù ú, kí àwọn aládùúgbò fi ìkéde náà ránṣẹ́ sí àwọn ẹlẹ́rìí tí a ṣẹ́ kèké mú. Láàárín ẹ̀rọ 10,000, bí ìkéde kọ̀ọ̀kan bá dé ọ̀dọ̀ ẹlẹ́rìí 100, ó lé ní 60 nínú 100 pé ẹlẹ́rìí kan yóò gbọ́ orúkọ kan náà láti ibi méjì. Ọ̀tá kò sì lè mọ ẹlẹ́rìí tí yóò kọ́kọ́ lọ ra.

Lílé òpùrọ́ jáde ló kù, ibẹ̀ ló le jù lójú tèmi, torí òpùrọ́ náà mọ bí a ṣe ń fẹ̀sùn kan ẹlòmíì. Chan, Perrig àti Song ti gbé ìdìbò kalẹ̀ ní 2003: kìkì àwọn tó bá ẹ̀rọ náà ní kọ́kọ́rọ́ pọ̀ ló lè dìbò lé e. Bí iye ìbò tí a béèrè bá kéré, àwọn tí ọ̀tá ti gbà yóò para pọ̀ lé olóòótọ́. Bó bá pọ̀ jù, òpùrọ́ tí aládùúgbò rẹ̀ kò tó nǹkan kò ní ṣeé lé. A sì gbọ́dọ̀ yan iye yẹn kí ẹ̀rọ tó dé inú igbó, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ mélòó ni yóò bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá.